Àmín Tí Wọ́n Ṣe Lẹ́yìn Fèrèsé

Ìyìn máa ń dùn mọ́ èèyàn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa. Ì báà jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run, bí wọ́n bá gbé àga onítìmùtìmù fún un níwájú àwọn ẹni ńlá, ìdí rẹ̀ á mọ̀ pé àga náà rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí fún Pásítọ̀ ìjọ kékeré tó wà ní ìparí òpópónà, níbi tí òrùlé ti lu bí ajere, tí àwọn ọmọ ìjọ sì ti mọ àwọn àga tí èèyàn kì í jókòó lé bí òjò bá ti ṣú.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú yan Alága tuntun, ó ní òun fẹ́ kí Ọlọ́run wà nínú ìjọba òun. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn ìyẹn? Ó ní kí wọ́n wá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí á máa fi àdúrà ṣí ìjókòó. Pásítọ̀ lojú rẹ̀ bọ́ sí, torí pé ohùn rẹ̀ máa ń ròkè láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àwọn tó mọ Alága dáadáa ní ohun mìíràn tún wà ńbẹ̀, wọ́n ní Pásítọ̀ kì í bi èèyàn ní ìbéèrè púpọ̀. Wọn ò purọ́ mọ́ ọn.

Ìyàwó Pásítọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Tíṣà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tó gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ìlú ti wá burú tó báyìí, tó fi jẹ́ pé àdúrà ló kù. Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí ọkọ òun rọra ṣe o, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Pásítọ̀ ní kò burú, òun gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú òun gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Aránṣọ ni, Ìyá Abẹ́rẹ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, òun ló di ìyá fún Pásítọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo, tó ń dún kitikiti bí ẹni tí inú ń bí, ló fi bọ́ ọ, òun náà ló fi san owó iléèwé Bíbélì rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ògiri ilé ìgbìmọ̀ gan-an, ó wà láàárín àwọn ìsọ̀ onípákó tó tò gẹẹrẹ síbẹ̀. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe wà níbẹ̀, ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, Gbàjámọ̀ tó ń gẹrun ló sì wà ní ìkángun. Fèrèsé gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ṣí sí orí wọn báyìí. Bí kánsẹ́lọ̀ kan bá sín nínú ilé, atúnbàtàṣe á kí i ní pẹ̀lẹ́ láti ìta.

Ẹ̀gbọ́n rán kóòtù dúdú kan fún àbúrò rẹ̀ torí iṣẹ́ tuntun náà. Ó wọn apá rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní apá ẹni tó ń gbàdúrà fún ìlú kò gbọ́dọ̀ há nínú aṣọ. Nígbà tí Pásítọ̀ wọ̀ ọ́ tán, Ẹ̀gbọ́n yí i po, ó já fọ́nrán òwú kan kúrò léjìká rẹ̀, ó ní ìyá wọn ì bá wà láyé kó rí i. Ojú àwọn méjèèjì kún fún omi, wọ́n sì yára bẹ̀rẹ̀ sí í bú kóòtù náà pé bọ́tìnnì rẹ̀ kan wọ́.

Àwọn ìjókòó àkọ́kọ́ lọ wẹ́rẹ́. Pásítọ̀ á bẹ Ọlọ́run kó fún àwọn kánsẹ́lọ̀ lọ́gbọ́n, kó má sì jẹ̀ẹ́ kí wọ́n purọ́ fún ìlú. Ẹnì kan á wúkọ́, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á sì bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Gbàjámọ̀ alára wà nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ náà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló dìbò yàn án. Mùsùlùmí ni. Bí Pásítọ̀ bá ń gbàdúrà, á tẹ orí ba, á fọwọ́ lé itan, kò ní wí nǹkan kan, lẹ́yìn náà á kí Pásítọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́.

Kò pẹ́ tí Alága fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe Pásítọ̀ sí ọ́fíìsì rẹ̀ kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀. Á fún un lómi tútù, á ní kó jókòó sábẹ́ fáànù, á wá fẹnu sétí rẹ̀. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yẹn sínú àdúrà. Ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ owó ọjà sínú àdúrà. Pásítọ̀ kò rí ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ló tóbi ju Ọlọ́run lọ? Alága sì ti fi ẹnu bà á pé bí páànù bá ṣẹ́ kù nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀, òun mọ òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń wá a.

Ẹ wá wo ohun tí Alága ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ owó ọjà bá dé orí tábìlì, dípò kó ní kí wọ́n na ọwọ́ sókè, á ní ọ̀rọ̀ yìí ti dé iwájú Ọlọ́run láàárọ̀ yìí, gbogbo ilé ló sì ṣe àmín sí i, ta ló wá fẹ́ gba àmín rẹ̀ padà? Àwọn kánsẹ́lọ̀ á rẹ́rìn-ín. Alága á fi òòlù kékeré lu tábìlì, ọ̀rọ̀ parí. Àwàdà ló kọ́kọ́ jẹ́ o. Nígbà tó yá ó di àṣà, kò sì sẹ́ni tó rántí mọ́ pé wọ́n máa ń na ọwọ́ sókè tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá Ọlọ́run wọ̀jàkadì. Gbàjámọ̀ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, Alága bi í bóyá torí pé àdúrà náà kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Ojú tì í, ó jókòó. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Pásítọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé àdúrà kì í pa èèyàn lára.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, Alága tún pè é sábẹ́ fáànù. Ó ní àyè ti há mọ́ ìgbìmọ̀ jù, kó bá wọn bẹ Ọlọ́run fún àyè gbígbòòrò, kí gbogbo ìdíwọ́ tó rọ̀ mọ́ ilé náà ká kúrò. Pásítọ̀ rò pé ọ̀tá ẹ̀mí ni. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, pásítọ̀ wo ni wọ́n á dárúkọ ìdíwọ́ fún tí ara rẹ̀ kò ní gbóná? Bó ṣe dìde nínú gbọ̀ngàn, ó tú bọ́tìnnì kóòtù, ó gbójú sókè.

"Olúwa," ó ké, "ohunkóhun tó bá fara ti ògiri ilé yìí, tí kò jẹ́ ká rí àyè mí, fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò!"

Àmín tó jáde nínú gbọ̀ngàn mi gíláàsì fèrèsé. Èyí tó wá láti ìta tún jù ú lọ. Atúnbàtàṣe fi òòlù rẹ̀ lu pákó. Ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè ṣe tirẹ̀ lásọdùn. Ẹ̀gbọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní àmín, àmín, torí ohùn àbúrò òun ni, ohùn tí òun fi abẹ́rẹ́ tọ́ dàgbà.

Alága jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó, ó wá tẹ́ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní mọ́tò àwọn kánsẹ́lọ̀ àti ti àwọn àlejò kò rí ibi dúró sí, ojú pópó ti dí, mọ́tò tó ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn pàápàá kì í rí ọ̀nà kọjá. Òótọ́ ni, kò parọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n kó àwọn ìsọ̀ onípákó kúrò lára ògiri, kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Gbàjámọ̀ fò dìde, ó ní àwọn èèyàn ló wà nínú ìsọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun.

"Gbàjámọ̀," Alága fèsì, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òrí, "ẹ̀gbọ́n Pásítọ̀ wà níbẹ̀. Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ní kí Ọlọ́run fà á tu. Bí àbúrò onísọ̀ bá ti fọwọ́ sí i, tí gbogbo wa ṣe àmín, kí ló tún kù?" Ó kan tábìlì. Ó ní ìjókòó Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n á tẹ òǹtẹ̀ lù ú.

Pásítọ̀ ti dìde dúró. Ẹnu rẹ̀ ya, ọ̀rọ̀ kò tíì jáde tí Alága fi rọra sọ fún un pé kó má bínú, Pásítọ̀ kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀, kò ní ohùn níbí. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mi gíláàsì ni wọ́n ní kò ní ohùn! Ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àga onítìmùtìmù náà le lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó bọ́ síta, kò sí ẹni tó nílò kó ròyìn fún. Fèrèsé kì í yan ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kó jáde. Atúnbàtàṣe ń wo bàtà ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí bàtà rí. Ẹ̀gbọ́n jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó gbé ọwọ́ lé aṣọ tí kò tíì rán tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀," Pásítọ̀ ní.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀, mo sì na ọwọ́ méjèèjì sókè."

Ó bu omi fún un nínú ife tó ń lò fún àwọn oníbàárà pàtàkì. Ká ní ó gbá a létí ni, ì bá sàn fún Pásítọ̀. Ó di ife náà mú, kò lè mu ún. Ẹ̀gbọ́n tún aṣọ náà ká, ó wá sọ èyí tó ń dùn ún.

"Ìsọ̀, màá wá ibòmíì, bí ò tiẹ̀ rọrùn lọ́jọ́ orí mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé, láti òní lọ, bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ nínú àdúrà, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà mí kí n tó ṣe àmín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Pásítọ̀ lákínyẹmí ara. Ó gbé ife sílẹ̀, ó padà wọlé lọ bá Alága ní ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì dúró de ẹni tó máa kéde rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní àdúrà tí òun gbà kì í ṣe èyí. Alága gbà á tayọ̀tayọ̀, ó tún fún un lómi tútù, ó ní kó fọkàn balẹ̀, páànù ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n á gbé e wá ní kété tí ìjókòó Ọjọ́bọ̀ bá ti parí. Ó kàn ku ohun kékeré kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìjókòó náà, kí Pásítọ̀ bá òun wàásù lórí ìgbọràn sí aláṣẹ, òun àti àwọn kánsẹ́lọ̀ á wá jókòó níwájú, kí àwọn onísọ̀ tó wà nínú ìjọ lè gbọ́ ọ látẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ràn, kó má di wàhálà. Bí Pásítọ̀ bá sì ti múra ìwàásù náà tán, kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe máa lọ.

Pásítọ̀ wo Alága. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì halẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé nǹkan iyì lòun ń fi lọ èèyàn. Ẹni tí wọ́n ní kó wá kí wọn nílé, ó ti ń béèrè kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ wọlé ẹnì kejì, ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ìgbìmọ̀? Ìbéèrè yẹn ni Pásítọ̀ gbé délé, kò sì rí ìdáhùn tó pọ́n ọn lé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà ń fi gègé pupa yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò lórí tábìlì ìjẹun. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì dá ọkọ rẹ̀ dúró, èyí kì í sì í ṣe ìwà rẹ̀. Pásítọ̀ ní òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Lọ́jọ́bọ̀, kí Alága tó mọ̀, òun á gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fi ìdí àwọn ìsọ̀ náà múlẹ̀ láéláé, gbogbo ilé á ṣe àmín, Alága á sì wá gbé àmín tirẹ̀ mì. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti kan ilẹ̀kùn, Gbàjámọ̀ ló dé.

Pásítọ̀ rò pé ìjà ló bá wá. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó gba tíì, ó gbóríyìn fún búrẹ́dì Tíṣà, ó gbọ́ ọ̀nà àbáyọ náà, ó wá mi orí.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi yẹn gbà wá. Bí àmín bá gbà wá lónìí, àmín ẹlòmíì á fà wá tu lọ́la. Èmi náà ń gbàdúrà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Àmọ́ mi ò ní kí Ọlọ́run bá mi di orí ẹni tí kò wá jókòó sórí àga mi mú, kí n lè fá a."

Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ gègé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ tirẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan àwọn ìwé tó wà níwájú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. "Bí mo bá fẹ́ mọ àwọn ọmọ tí ìṣirò yé, mi ò kì í ní kí wọ́n ṣe àmín. Mo máa ń ní kí wọ́n na ọwọ́. Ẹni tó na ọwọ́, mo lè bi í pé, kí lo rí? Ẹni tó ṣe àmín, kí ni kí n bi í?"

Pásítọ̀ ronú kan òrùlé. Àwọn ìyá arúgbó tó ń gbé àga wọn káàkiri bí òjò bá dé, ó rí wọn lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Páànù ti wà nílẹ̀, wọ́n ní. Ohun kan ṣoṣo tó máa ṣe ni kó dákẹ́. Ó ní, "Tíṣà, a máa pàdánù òrùlé yìí o." Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ti mọ àwọn àga tí òjò kì í kán sí, ṣùgbọ́n bí àwọn bá pàdánù Ẹ̀gbọ́n, ibo ni àwọn á ti rí òmíràn rà?

Ọjọ́bọ̀ pé. Pásítọ̀ kò yà sí ọ́fíìsì Alága, kò sì wọ kóòtù. Ó gbé e kọ́ sí ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n bó ṣe ń kọjá. Ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀ dé iwájú gbohùngbohùn. Àwọn kánsẹ́lọ̀ dìde, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ti ń ṣètò ẹnu wọn fún àmín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," Pásítọ̀ ní. "N kò ní gbàdúrà níbí lónìí. Mo ti gbà á nílé."

Ariwo kékeré gba inú ilé kan. Pásítọ̀ fi ara ti tábìlì.

"Àdúrà tí mo gbà níjọ́sí, mi ò mọ ohun tí mò ń bèèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín, púpọ̀ nínú yín ò mọ ohun tí ẹ ń gbà. Àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé yẹn ṣe àmín sí bí wọ́n á ṣe lé wọn kúrò. Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀, èmi ò bá yín dìbò. Ẹ dákun, ẹ má ka àmín mọ́ ìbò mọ́. Ẹ ní ọwọ́, ẹ nà án sókè kí ìlú rí i. Ẹni tó bá sì fẹ́ àdúrà, ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í tilẹ̀kùn. Ó kàn ń jò ni."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága dìde, iwájú orí rẹ̀ ti ń làágùn. Ó bi Pásítọ̀ bóyá ó fẹ́ lé Ọlọ́run jáde nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

"Alága," Pásítọ̀ ní, "Ọlọ́run tí èmi lè lé jáde, ṣé Ọlọ́run nìyẹn?"

Ó kúrò nídìí gbohùngbohùn, ó kọjá lára àga onítìmùtìmù, ó lọ jókòó sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn ará ìlú máa ń jókòó lé. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Òòlù wà lọ́wọ́ Alága, kò rí nǹkan fi kàn. Ìyá àgbà kan ló gbà wọ́n sílẹ̀, kánsẹ́lọ̀ tó dàgbà jù nínú wọn, ẹni tí àmín rẹ̀ máa ń ga jù ní gbogbo ìjókòó. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá máa na ọwọ́ yìí sókè pẹ̀lú bí eegun rẹ̀ ṣe ń ro òun, kí ẹnì kan kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí òun ń nà án fún.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n jiyàn, wọ́n gbó ara wọn lẹ́nu, ẹnì kan bínú jáde, ó tún padà wá torí pé ó gbàgbé fìlà rẹ̀. Gbàjámọ̀ gbà pé òótọ́ ni pé ojú pópó ti dí, mọ́tò aláìsàn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà. Ìyá àgbà wá béèrè pé kí ló wà lẹ́yìn ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Ilẹ̀ gbayawu ló wà níbẹ̀, tí àwọn mọ́tò ìgbìmọ̀ tó ti kú ń dípẹtà sí, tí kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ mọ́. Tẹ́lẹ̀, òòlù ti máa ń dún kí ẹnikẹ́ni tó lè béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó ìsọ̀ kúrò na ọwọ́, ọwọ́ tó dìde kéré débi pé àwọn tó nà án ń fi dọ́gbọ́n họrí. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n palẹ̀ ẹ̀yìn ilé mọ́ na ọwọ́, Alága wo gbogbo wọn, ó mí kanlẹ̀, ó na tirẹ̀ náà. Ó ní òun wá àyè wá àyè, ẹ̀yìn ilé òun lòun ò wò.

Àwọn tó wà lẹ́yìn fèrèsé kò ṣe àmín. Wọ́n hó yèè ni. Atúnbàtàṣe gbá Gbàjámọ̀ mọ́ra nígbà tó jáde, ó fi ọ̀dà bàtà kùn ún láṣọ.

Páànù ìgbìmọ̀ kò dé ṣọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Alága dá wá, láìsí kánsẹ́lọ̀, láìsí awakọ̀. Kò sẹ́ni tó fi í sí iwájú. Ó rí àga kan tó ṣófo, ó jókòó, kò sì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí àga náà fi ṣófo nínú ilé tó kún. Òjò bẹ̀rẹ̀ láàárín ìwàásù. Ìwàásù náà kò sì kan ìgbọràn o, orí sùúrù ló dá lé. Tíṣà ló gbé táwẹ́lì fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ru páànù kan wá fúnra rẹ̀, ó ní láti àpò òun ni, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀, kí Pásítọ̀ jọ̀ọ́ má fi òun sínú àdúrà. Gbàjámọ̀ ló di àkàbà mú nígbà tí wọ́n ń kàn án, ó ní òrùlé lòun bá wá o, òun ò bá ìwàásù wá. Ihò tó kù ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n àga kan ti kúrò nínú àwọn àga òjò.

Nígbà tí ìjókòó mìíràn pé, Pásítọ̀ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Ó lọ kí Ẹ̀gbọ́n ní ìsọ̀, ó jókòó sórí àpótí àwọn oníbàárà. Láti ojú fèrèsé, wọ́n gbọ́ tí Alága ní kí oníkálukú dákẹ́ díẹ̀, kó bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ara rẹ̀, tàbí kó kàn mí lásán bó bá wù ú. Gbọ̀ngàn dákẹ́. Àwọn ìsọ̀ náà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Gbàdúrà fún mi," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Pásítọ̀ wojú rẹ̀. "Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín bèèrè?"

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn sí ìbéèrè náà ju bí ẹ ti rò lọ. Ó ní ojú òun ti ń ṣú, òwú kì í tètè wọ abẹ́rẹ́ mọ́, kó bá òun bẹ Ọlọ́run fún ojú tó mọ́lẹ̀. Kò tún fẹ́ nǹkan míì. Pásítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbàdúrà náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò dé ojú fèrèsé.

Kò tíì parí rẹ̀ tán tí Ẹ̀gbọ́n fi ṣe àmín. Ẹ̀rù kò bà á rárá, kò sì sẹ́ni tó kà á mọ́ ìbò.